Èdè Ṣáínà ní Yunifásítì: Àárín Ló Le, Kì Í Ṣe Ìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sójú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Láàárín àwa Yorùbá tí a fi ìlú yìí ṣe ilé, ìbéèrè kan ti ń jẹyọ léraléra níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àti níbi ìsọmọlórúkọ. Òbí á ní, "Ọmọ mi ló ní èdè Ṣáínà lòun fẹ́ kà ní yunifásítì o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Ẹnì kan á ní kí ọmọ yáa lọ ka òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹlòmíràn á ní ayé ti yí padà, ẹni tó bá gbọ́ èdè oníṣòwò ló ń bá a ná ọjà. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé díẹ̀ nínú wọn ló mọ ohun tí ọmọ náà máa bá pàdé nínú kíláàsì.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọdún kìíní ni ìṣòro wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kúrò ní ìpele "ẹ ǹlẹ́ o, kí lorúkọ yín", tí kò sì tíì dé ibi tó ti lè ka ìwé ìròyìn Ṣáínà, ìgbà yẹn gan-an ni omi ń pọ̀ ju ọkà lọ. Ibẹ̀ ni ìtara ti ń tutù. Ibẹ̀ sì ni a fẹ́ mú yín dé lónìí, kí òbí àti ọmọ lè mọ ohun tí wọ́n ń tọrùn bọ̀.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1971 ni Nàìjíríà àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ìjọba sí ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ nìkan ni. Lónìí, ó ti wọ agbo ilé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa lọ sí Àbújá, ojú irin tí iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe ló ń gbà kọjá. Ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2016 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Ẹni tó bá padà sílé, tó sì fi ọkọ̀ ojú irin lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, iléeṣẹ́ yẹn kan náà ló ṣe é. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ẹ lọ sí Kantin Kwari ní Kano, kí ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ léèrè. Guangzhou àti Yiwu ti di orúkọ tí oníṣòwò wa mọ̀ bí ẹní mowó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti máa ṣe pàṣípààrọ̀ owó ara wọn, bílíọ̀nù 15 owó yuan sí bílíọ̀nù 720 náírà. Wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Àwọn ará Ṣáínà náà kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1963 ni rédíò ìjọba wọn ti ń fi èdè Hausa sọ̀rọ̀ sí àwọn ará òkè ọya. Ní Beijing Foreign Studies University, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Hausa, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, yunifásítì Nnamdi Azikiwe tó wà ní Awka ló kọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Confucius, ní 2008, pẹ̀lú àjọṣe yunifásítì Xiamen. Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e ní 2009, pẹ̀lú Beijing Institute of Technology. Nítorí náà, kò di dandan kí ọmọ kọ́kọ́ wọ bàálù kó tó fi ojú kan olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà.

Ohùn: ogún tí a kò mọ̀ pé a ní

Èdè tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ni Mandarin, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Pǔtōnghuà, ìyẹn èdè tí gbogbo ìlú jọ ń sọ. Èdè olóhùn ni, bíi Yorùbá. Ohùn mẹ́rin ló ní, pẹ̀lú èyí kan tó fúyẹ́. Mā, tí ohùn rẹ̀ dúró lókè, ìyá ni. Má, tí ohùn rẹ̀ ń gòkè, ewéko tí wọ́n ń fi ṣe okùn ni. Mǎ, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹṣin ni. Mà, tí ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ láti òkè, kí a bú èèyàn ni. Ẹni tó bá ṣi ohùn lò, ó lè fẹ́ pe ìyá kó pe ẹṣin.

Ohùn yìí ló máa ń da àwọn òyìnbó láàmú. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá tí a fi ń bu omi, igba tí a fi ń ka owó, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ àti ìgbà tí kì í lọ bí òréré, etí ẹni yẹn ti là. Ohùn kìíní wọn, ohùn òkè wa ni. Ohùn kẹta wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ geere, súnmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ wa. Ohùn kejì tó ń gòkè ńkọ́? Ẹ pe "ìwé", kí ẹ sì tẹ́tí sí bí "wé" ṣe ń gbéra láti ìsàlẹ̀ kó tó dé òkè. Ohùn kẹrin tó ń já wálẹ̀? Ẹ pe "kúnlẹ̀", kí ẹ gbọ́ bí "lẹ̀" ṣe ń yọ̀ wálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa láti kékeré.

Ṣùgbọ́n pàkúté kan wà níbẹ̀. Ọdún 1958 ni ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí Pinyin, ìlànà tí wọ́n fi ń fi ábídí kọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dún. Àmì tí wọ́n ń fi sórí rẹ̀ jọ tiwa lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀. Àmì tí àwa ń fi sórí ohùn òkè, ohùn tó ń gòkè ló wà fún lọ́dọ̀ wọn. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ wa, ohùn tó ń já bọ́ láti òkè ni tiwọn. Ọmọ wa tó bá fi ojú Yorùbá ka "mà", ìsàlẹ̀ lásán ni yóò pè é sí, olùkọ́ á sì gbọ́ ọ bí ẹṣin. Ó fẹ́ sọ pé wọ́n bú òun, ọ̀rọ̀ ẹṣin ló jáde.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá dé àárín, ohùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú gbólóhùn. Bí ohùn kẹta méjì bá tẹ̀léra, èkíní á di ohùn kejì. Ìdí nìyẹn tí "nǐ hǎo" tí wọ́n fi ń kí èèyàn fi máa ń dún bí "ní hǎo". Èyí náà kò ṣàjèjì sí wa. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "rà" ní, síbẹ̀ a kì í sọ pé "mo rà aṣọ". "Mo ra aṣọ" là ń wí. Aládùúgbò ló ń yí ohùn padà, bí aládùúgbò ṣe ń yí ìwà èèyàn padà.

Jẹun yó, kọ́ ọ mọ̀

Ohun tó kún inú ìwé ẹ̀kọ́ ìpele àárín ni ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó ń tẹ̀léra. Èkíní á sọ ohun tí a ṣe, èkejì á sọ ibi tó já sí. Chī ni jẹun, chībǎo ni jẹun yó. Dǎ ni lù, dǎpò ni lù ú fọ́. Xué ni kọ́, xuéhuì ni kọ́ ọ mọ̀. Ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú á máa wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń fi Yorùbá ronú ti ní i lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ wo la tó jẹun tí a kò ní béèrè bóyá a yó?

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la, gẹ́gẹ́ bí "lọ" tiwa ṣe máa ń jẹ́ "lọ" nígbà gbogbo. Tā ni "ó" wọn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ìkọsílẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá sì béèrè pé "Nǐ ne?", kò sí ìtumọ̀ tó bá a mu bíi "Ìwọ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ "le", tó máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele àárín làágùn, nítorí wọ́n rò pé ohun tó ti kọjá nìkan ló ń tọ́ka sí. "Xià yǔ le" ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ṣíjú wo ìta, tí wọ́n rí i pé òjò tí kò rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dé. Àwa náà á ní, "Òjò ti ń rọ̀ o." Nǹkan ti yí padà ni "le" ń wí níbẹ̀.

A kò ní tàn yín jẹ o. Ibi tí Yorùbá kò ti lè ranni lọ́wọ́ wà, ó sì pọ̀. "Ìyá mi" ni àwa ń wí. "Wǒ māma" ni tiwọn, èmi ló ṣíwájú ìyá. "Ìwé tí mo rà" ni tiwa; "wǒ mǎi de shū" ni tiwọn, àlàyé ló ń ṣíwájú, ìwé á wá kẹ́yìn. Àwa á ní "ó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna". Àwọn á kọ́kọ́ dárúkọ Kaduna kí wọ́n tó dárúkọ iṣẹ́. Nínú gbólóhùn kúkúrú, èyí rọrùn. Nínú gbólóhùn gígùn tó wà nínú ìwé ọdún kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti di gbogbo àlàyé mú sọ́kàn kó tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé.

Òǹkà náà ní tirẹ̀. Wọn kì í sọ pé "ìwé mẹ́ta" lásán. Ọ̀rọ̀ kan ní láti wà láàárín òǹkà àti ohun tí a ń kà: běn fún ìwé, zhāng fún ohun pẹlẹbẹ bíi bébà àti tábìlì, tiáo fún ohun gígùn bíi ọ̀nà àti ẹja, bǎ fún ohun tó ní ọwọ́ ìdìmú bíi ọ̀bẹ àti agboòrùn. Iye owó ló tún wá léwu jù. Wọn kì í fi ẹgbẹ̀rún ka owó ńlá. Wàn ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn 10,000. Ohun tí a ń pè ní 100,000, wàn mẹ́wàá ni lọ́dọ̀ wọn. Mílíọ̀nù kan jẹ́ wàn ọgọ́rùn-ún. Àwọn baba wa tó ń fi ọ̀kẹ́ ka 20,000 ì bá tètè lóye rẹ̀ ju àwa ọmọ ìsinsìnyí lọ. Oníṣòwò tó bá kù díẹ̀ káàtó níbi òǹkà yìí, ẹ̀yìn ọjà ni yóò ti mọ̀ pé òdo kan ti sọnù.

Àmì ìkọ̀wé, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Láti ayé Àjàyí Crowther, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ni a ti ń fi ábídí kọ èdè wa. Ẹni tó bá mọ ábídí lè ka ohun tí kò rí rí. Ti Ṣáínà kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan ni a ní láti kọ́ tòun ti ìtumọ̀ àti ìró rẹ̀. Ní 1956 ni ìjọba wọn gbé ètò jáde láti dín ìlà inú ọ̀pọ̀ àmì kù kó lè rọrùn láti kọ, síbẹ̀ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi orí líle há gbogbo rẹ̀, àárín ni yóò ti rẹ̀ ẹ́. Àṣírí rẹ̀ ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àmì yìí ló jẹ́ méjì tí a so pọ̀, ọ̀kan ń tọ́ka sí ìtumọ̀, èkejì ń tọ́ka sí ìró. Àmì ìyá, mā, jẹ́ àmì obìnrin tí a fi àmì ẹṣin, mǎ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ń gun ẹṣin o. Ẹṣin kàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún ni. Bí ẹ bá rí ìkán omi mẹ́ta lápá òsì àmì kan, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá omi tan: odò, adágún, òkun, títí kan ọtí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ti iye. Nínú ìlànà tí ìjọba Ṣáínà gbé jáde ní 2021 fún àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè wọn, ìpín mẹ́ta ló wà, ìpele mẹ́sàn-án sì ni gbogbo rẹ̀. Ìpín ìbẹ̀rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ 2,245. Ìpín àárín fi ọ̀rọ̀ tuntun 3,211 kún un, ó di 5,456. Ẹni tó bá parí gbogbo rẹ̀ á mọ ọ̀rọ̀ 11,092 àti àmì ìkọ̀wé 3,000. Ẹ rí i pé àárín béèrè ọ̀rọ̀ tuntun ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kọ́ lo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, inú òbí á sì máa dùn. Ní àárín, ó lè fi oṣù mẹ́ta kàwé kí ẹnikẹ́ni má rí ìyàtọ̀. Ọmọ á rò pé òun kò mọ̀wé. Òbí á rò pé owó ti wọgbó. Irú ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ló ń lé ọmọ kúrò nídìí ẹ̀kọ́ ju ìṣòro èdè gan-an lọ.

Àṣà: ibi tí ojú ti ń mọ ojú

A kò lè kọ́ èdè kí a má kọ́ ìwà àwọn tó ni ín. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá kò ní pẹ́ mọ àyíká níbẹ̀. Wọ́n ní nǐ fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n sì ní nín fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, bí a ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Wọn kì í pe "ọmọ ìyá mi" lásán. Gēge ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, dìdi ni àbúrò ọkùnrin, jiějie ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, mèimei sì ni àbúrò obìnrin. Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú orúkọ ẹni, wọ́n á sì fi ipò èèyàn tẹ̀lé e: Wáng lǎoshī ni olùkọ́ tó ń jẹ́ Wáng. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pe olùkọ́ ní orúkọ gan-an, ojú àbùkù ni wọ́n fi ń wò ó. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan. Ní Qīngmíng, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 4 tàbí 5 oṣù kẹrin, wọ́n á lọ tọ́jú sàréè àwọn baba wọn.

Ohun tó wú wa lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wúre. Àwa mọ̀ pé níbi ìsọmọlórúkọ, obì ni yóò bi ikú dànù, orógbó ni yóò mú kí ọmọ gbó. Ìró ọ̀rọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ àdúrà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ní Ṣáínà. Ẹja ń jẹ́ yú, àjẹṣẹ́kù náà ń jẹ́ yú. Nítorí náà, ẹja kì í wọ́n lórí tábìlì ní ọdún tuntun wọn. Òǹkà mẹ́rin, sì, jọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ikú, sǐ, wọ́n sì máa ń yẹra fún un. Ẹ má ṣe fi aago ńlá ta ará Ṣáínà lọ́rẹ, nítorí "fífi aago tọrẹ" ń dún ní èdè wọn bíi kí a lọ sin òkú. Ọmọ tó mọ ìdí tí obì fi wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń pe iyì ní miànzi, ojú ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ojú tì wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ guānxi, àjọṣe tó ń so èèyàn pọ̀. Àwa á ní èèyàn laṣọ mi. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ mẹ́rin kan tí ìwé ìpele àárín kì í fojú fò, rù xiāng suí sú: bí o bá wọ abúlé, tẹ̀lé àṣà ibẹ̀. Àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀ níhìn-ín kò nílò olùkọ́ kó tó ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Òun ni a fi ń gbé pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ohun tí àárín lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ojú abẹ níkòó. Ẹni tó dúró sí ìpele àárín lè rajà, lè béèrè ọ̀nà, lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, lè gbọ́ ohun tí ọ̀gá níbi iṣẹ́ ojú irin ń wí bó bá rọra sọ ọ́. Kò lè ka ìwé àdéhùn tó ní ojú ìwé ogún. Kò lè ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn tí kò gbọ́ rárá kò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ ọ́ fàlàlà, wọ́n rò pé ó mọ̀ ọ́n tán, wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn lé e lọ́wọ́. Gbólóhùn kan tó bá ṣì túmọ̀ lè gba ọjà inú kọ̀ǹténà kan lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tó lè sọ pé "èyí ju agbára mi lọ, ẹ wá agbẹjọ́rò", òun gan-an ló kàwé.

Kò tún yẹ kí a gbàgbé ohun tí àrùn kòrónà fi kọ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni Ṣáínà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní físà. Láàárín ìgbà yẹn, orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ni ìpele àárín nílò jù. Ẹni tó gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Àkọ́kọ́, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ fi iṣẹ́ mìíràn kún èdè: ìṣirò owó, òfin, ìmọ̀ ẹ̀rọ, tàbí òwò tí ìdílé ń ṣe. Èdè nìkan dà bí àpò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń mówó wá. Ìkejì, kí òbí má yọ ọmọ kúrò nígbà tó bá dé àárín, tó ní nǹkan kò yé òun mọ́. Ẹ bi í léèrè iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lọ́dún tó kọjá àti iye tó mọ̀ nísinsìnyí. Ẹ ó rí i pé ó ń rìn. Ìkẹta, kí ọmọ ṣe ìdánwò HSK, nítorí ìwé ẹ̀rí yẹn ni àwọn yunifásítì Ṣáínà máa ń béèrè, òun ló sì ń fi ìwọ̀n ẹni hàn láìsí àrídìí. Ìkẹrin, ìjọba Ṣáínà ń fúnni ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, tó lè kó owó ilé-ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti owó oúnjẹ pọ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ yunifásítì àti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn. Ẹ má kó owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín gbà á lẹ́yìnkùlé.

Ìkarùn-ún ló wúwo jù lọ́kàn wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Yorùbá nílé. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí, ohùn, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀léra, ọ̀wọ̀ fún àgbà, ìwúre tó wà nínú orúkọ nǹkan, ogún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i lẹ́nu ló lè ná an. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ nílé, bí òyìnbó ni yóò ṣe jókòó síwájú olùkọ́ Ṣáínà. Ọmọ tó gbọ́ Hausa ládùúgbò sàn díẹ̀, nítorí Hausa náà jẹ́ èdè olóhùn. Ọmọ tó gbọ́ Hausa àti Yorùbá, òun ló kó ọlá méjì wọ kíláàsì.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Ọjà ń pe ìyá, iṣẹ́ ń pe bàbá, ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ọmọ máa sọ. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ń dàgbà, orúkọ wọn nìkan ló kù tó jẹ́ Yorùbá. Ẹ sì rántí ohun tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn: ní Beijing, àwọn ọmọ Ṣáínà jókòó, wọ́n ń ṣe wàhálà lórí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa, wọ́n sì kà á sí ìmọ̀ tó yẹ fún yunifásítì. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ọmọ wa bá dé ọ̀hún, tí ọmọ Ṣáínà sì fi Yorùbá kí i, tí òun kò rí nǹkan kan dáhùn. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ kà á, bó bá wù ú. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá dé àárín. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nílé, ẹ fún un ní tiwa.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ, kí ilẹ̀ tí a ń gbé má lé wa. Àṣẹ.